Ìwé Tí Kò Gbẹ Nínú Ọyẹ́

Ìwé tí wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì Ìbítóyè kò gbẹ. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn, mo sì fi rẹ́rìn-ín. Ọyẹ́ oṣù kìíní ní Ayétòrò, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n: kí o tó bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ kejì nínú báàfù, àkọ́kọ́ tí o sá ti le gbagidi bí ẹja gbígbẹ. Pásítọ̀ wa kò lè pe Halelúyà kan tán kó má fi ahọ́n lá ètè. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé yìí, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ọjọ́ mẹ́ta ló lò lórí okùn aṣọ mi, láàárín yẹ̀rì àti búláòsì, ó sì tutù rinrin bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ lódò. Mo gbé e sí imú. Ó ń run ẹrẹ̀.

Dinah ni orúkọ ìrìbọmi mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Ayétòrò ní ìṣirò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Kò tíì mú tó. Ọkọ mi ti kú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó sì kù, etí wọn ti di, àwàdà kì í wọlé níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí kò fi sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́, ògiri ló kù kó máa bá sọ̀rọ̀. Ògiri mi náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó gbọ́n ju ọ̀gá ilé-ìwé tí mo bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn lọ.

Ìbejì ni wọ́n bí mi. Èmi ni Táyé. Kẹ́hìndé kú nígbà tí a wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyàwó katikísì ni ìyá wa, kò jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère wọ inú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù àṣà yẹn, kò sí ìwàásù tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá rán búláòsì kan fún mi, á rán èkejì. Bó bá bu ẹ̀wà, abọ́ méjì ni. Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a ó ṣe é fún èkejì; bó ṣe máa ń wí nìyẹn, kò sì ní wò mí lójú. Nígbà tí òun náà kú, ọwọ́ mi kò gbàgbé. Títí di òní, abọ́ méjì ni mò ń gbé sórí tábìlì. Àlejò tó bá béèrè, mo máa ń sọ fún un pé òun ni mò ń retí, inú rẹ̀ á sì dùn. Inú àlejò kì í pẹ́ dùn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Ẹ̀ríolúwa. Ó wà ní ìlú ọba pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ọlámipọ̀, àti ọmọ wọn méjì: Ìtẹ́olúwakìíṣí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àti Micah, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. N kò fọwọ́ kan àwọn ọmọ wọ̀nyí rí láyé mi. Inú fóònù ni wọ́n ti dàgbà lójú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀ láti fún mi ní físà, wọ́n ní bí mo bá dé ọ̀hún n kò ní pa dà wálé. Èmi tí n kò lè sun Ìlaro mọ́jú nítorí adìyẹ mẹ́fà. Ẹ̀ríolúwa náà kò lè wálé. Lónìí, ajínigbé ni. Lọ́la, ọ̀nà tí kò dára ni. Lọ́túnla, ìdánwò ọmọ ni. Mo ti ka àwáwí rẹ̀ títí, mo fún un ní máàkì.

Òun ló wá mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ wá, irú àwọn ọkọ̀ òkun ńlá tó ń gbé tọmọ-tìyá rìn gbẹ̀fẹ́ lórí omi, tí ilé oúnjẹ àti odò ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń yan ọkọ̀. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, Sípéènì ló ti ń gbéra, èmi kò sì ní físà Sípéènì. Òmíràn wà tí Micah sọ pé àwọn arúgbó nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Òmíràn kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, Ìtẹ́ sì sọ pé kí wọ́n kúkú sin òun láàyè. Ọ̀dọ́langba kì í ṣe nǹkan ṣeré. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ẹ́ tú ká kí Kérésì tó dé.

Lọ́jọ́ Kérésì ni Ẹ̀ríolúwa pè, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní àwọn ti fẹnu kò. Belle Rive ni orúkọ ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, etí odò tó rẹwà nìyẹn bí Faransé bá ṣì kù lẹ́nu mi, Kútọnù ni ọkọ̀ wọn yóò sì ti gbéra ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì. Àwa ará ẹ̀bá bodè kì í ka Kútọnù mọ́ òkè òkun. Ẹ̀yìnkùlé wa ni. Wọn yóò bá bàálù wá, èmi yóò bá mọ́tò lọ, a ó pàdé létí omi. Yàrá ọ̀tọ̀ wà fún àwọn ọ̀dọ́langba, àti ẹgbẹ́ kan lórí Wọ́sáàpù tí wọ́n á ti mọ ara wọn kí ọjọ́ tó pé. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ orúkọ Belle Rive rí, ṣùgbọ́n òun nìkan ló gba gbogbo wa.

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ ṣé tí ẹ bá wa wá ọkọ̀ yìí rí.”

Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ dárúkọ. N kò jiyàn. Ẹni tí ebi ọmọ-ọmọ ń pa, bí wọ́n bá dúpẹ́ ohun tí kò ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kò tọ́pẹ́.

Ìlaro ni aṣojú wọn wà, lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Ìbítóyè ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin gíga, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn ní yàrá kejì. Fáànù kò yí, síbẹ̀ òtútù ń yọ lára ògiri. Ọ̀sán gangan ni o. Mo bi í bóyá ẹran tútù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ tó fi mú bíírò: orí ìka rẹ̀ hunjọ, ó funfun, bíi ti alágbàfọ̀ tó ti wà nídìí omi láti àárọ̀.

Ó wo orúkọ àwọn ọmọ lórí fọ́ọ̀mù tí baba wọn ti kọ ránṣẹ́.

“Ọ̀dọ́langba méjì lẹ ní,” ó ní. “Yàrá wọn gba mẹ́ta. Ó ku ẹnìkan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí níbi kan tí èmi fúnra mi kì í fọwọ́ kàn. Bí mo bá ti rí bẹ́ẹ̀, àwàdà ni mo máa ń sá sí. Mo ní kó kọ Kẹ́hìndé síbẹ̀. Ẹnu mi ń ṣeré, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń rí ìyá mi àti abọ́ ẹ̀wà méjì. Mo ń lọ gbafẹ́ lórí omi. Ṣé mo lè ṣe é fún ara mi kí n má ṣe é fún un?

“Ọmọ ọdún mélòó?”

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Ó kọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò béèrè ni?”

“Tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa,” ó ní. Ó yí fọ́ọ̀mù náà sí mi, mo fọwọ́ sí i. Mo rò pé òun náà ti ń kọ́ àwàdà. Ìwé tó fún mi níjọ́ náà, tí orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó máa gbé yàrá wà lórí rẹ̀, ni mo gbé wálé, òun ni mo sì ń sá nínú ọyẹ́.

Ọjọ́ kẹrin, Ìtẹ́ pè mí lọ́sàn-án. Òun fúnra rẹ̀ kò pè mí rí; baba rẹ̀ ló máa ń ti fóònù sí i lójú. Yorùbá ọmọ yẹn kì í kọjá ẹ káàárọ̀, kódà bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó kí mi pé ẹ kú etídò. Mo jókòó. N kò gbọ́ ìkíni yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ afárá sórí odò Yewa. Ìkíni àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ni.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní ẹni tí àwọn jọ máa gbé yàrá ni. Ó ní ọmọ náà dára, ó máa ń ránṣẹ́ ohùn sí òun àti Micah ní gbogbo ìgbà, ó ń kọ́ wọn ní orin àti Yorùbá, ó sì ń sọ pé ara òun ti wà lọ́nà, kí wọ́n tètè dé.

“Ó ní kí n bi yín ní ìbéèrè kan, Màmá Àgbà.”

“Kí ni?”

“Ó ní ta ló ní kí òun kọ́kọ́ wọ ọkọ̀?”

Mo gbé fóònù sílẹ̀, adìyẹ kan sì wọ inú ilé, n kò lé e.

Ọdún 1972 ni. Àwa méjèèjì ń bọ̀ láti ọjà lápá bodè, odò Yewa sì ti kún dé ẹsẹ̀ igi. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló wà létí omi, ó ti kún fún ènìyàn àti ẹrù. Atukọ̀ na àjẹ̀ sí wa, ó pariwo pé ó ku ẹnìkan. Gbogbo ẹni tó bá mọ ìbejì mọ bó ṣe yẹ kó lọ: Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé jáde pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ohunkóhun tó bá jẹ́ tuntun láàárín wa, èmi ni mò ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ìbáà ṣe àgbo kíkorò, ìbáà ṣe ilé-ìwé tuntun. Ṣùgbọ́n mo wo omi ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, lónìí, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ lọ. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ká ìró sókè, ó wọ̀ ọ́. Àárín odò ni ọkọ̀ náà ti dojú dé. Mo sọ fún ìyá wa pé òun ló sá ṣíwájú mi. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta nìyí, n kò sọ ọ́ fún ọkọ, n kò sọ ọ́ fún àlùfáà. Kò sí alààyè tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo pe Ẹ̀ríolúwa. Mo ní kó fagi lé ìrìn-àjò náà, ọlọ́ṣà ni wọ́n, gbájú-ẹ̀ ni wọ́n. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn, irú sùúrù tí wọ́n fi ń bá arúgbó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti wádìí. Àwọn tó ti wọ ọkọ̀ náà rí kọ ẹ̀rí wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n tẹ́tí.

“Abọ́dúnrìn rè é, láti Ìmẹ̀kọ. Ó ní bẹ́ẹ̀dì wọn tutù, kò sí ariwo, òun kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Alàgbà Mákindé rè é, ará Ìjóun. Ó ní oúnjẹ wọn dára gan-an.”

Mo jẹ mọ́ínmọ́ín níbi òkú Abọ́dúnrìn. Iyọ̀ kò tó o, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Alàgbà Mákindé ti lo ọdún méje nínú ilẹ̀, nígbà tó sì wà láyé, kò yin ohunkóhun rí, títí kan iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo bi í pé ta ló kọ́kọ́ sọ fún un nípa ọkọ̀ yìí.

“Màmá, ẹ̀yin náà ni,” ó ní. “Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi. Ó ṣì wà níbí.” Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi gbọ́.

Ohùn mi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eyín iwájú mi méjì ti já, ọ̀rọ̀ mi máa ń súfèé bó bá ń jáde. Ohùn yìí kò súfèé. Eyín rẹ̀ pé. Ó sì ní, “Ẹ̀ríolúwa, ọmọ Táyé, mo ti rí ọkọ̀ tó máa gbà yín.” Ọmọ mi gbọ́ èyí, kò fura. Ìyá wo ló ń pe ọmọ tó bí ní ọmọ Táyé, bí òun fúnra rẹ̀ bá ni Táyé? Ẹ̀gbọ́n ìyá ló ń pe ọmọ àbúrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo sọ òtítọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, odò àti irọ́ tí mo pa fún ìyá mi. Ó rọra bi mí ìgbà tí mo lọ rí dókítà gbẹ̀yìn. Ó ní Ọlámipọ̀ ti ń sọ ọ́ pé dídá gbé kò dára fún mi, ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kí a jọ lo ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo pa dà sí Ìlaro. Ìbítóyè wà lórí àga rẹ̀, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ gan-an. N kò bá a ṣàwàdà. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ náà ń pa dà.

“Fọ́ọ̀mù wa kì í béèrè ìpadàbọ̀, Màmá.”

Mo wò ó. Lóòótọ́ ni. Ọjọ́ ìgbéra wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan. Mo ní kó yọ orúkọ àwọn ọmọ. Ó ní àwọn kì í yọ orúkọ. Ẹni tó kọ ọ́ ló lè pa á rẹ́. Baba wọn ló kọ tiwọn. Ó na bíírò sí mi, bíírò náà ń sẹ omi, ó ní ti Kẹ́hìndé nìkan ni mo lè pa rẹ́, bó bá wù mí. Mo bi í bóyá bí mo bá pa á rẹ́, ọkọ̀ náà kò ní gbé àwọn ọmọ mọ́. Ó ní ọkọ̀ ti wà lójú ọ̀nà. N kò gba bíírò. Mo ti lé e wọ omi lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ mi kò gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré. Mo jókòó sí iwájú ilé mi lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo ń ronú ohun tí arúgbó bíi tèmi ní tó lè dá bàálù dúró. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹnu ni.

Mo pè wọ́n nígbà tí mo mọ̀ pé gbogbo wọn á wà nídìí oúnjẹ. Ẹ̀ríolúwa gbé mi sórí ohùn gbangba kí àwọn ọmọ lè kí mi. Mo jẹ́ kí wọ́n kí mi tán. Mo gbọ́ ohùn Micah, ó ti ń di ohùn ọkùnrin. Lẹ́yìn náà mo sọ ohun kan nípa Ọlámipọ̀, àti nípa ẹ̀jẹ̀ tó wà lára Micah. Kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀, n kò sì ní tún un sọ níbí. Láti kékeré ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ènìyàn, mo sì ti pọ́n ọ̀bẹ yẹn lára gbogbo ará ìlú. Mo rọra sọ ọ́, mo fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i, kí wọ́n má baà rò pé àìsàn ló ń sọ ọ́.

Mo gbọ́ tí ṣíbí kan bọ́ sílẹ̀. Ìtẹ́ ní, “Màmá Àgbà?” bí ẹni pé ó ń wá mi nínú òkùnkùn. Àga kan ha ilẹ̀. Ilẹ̀kùn kan pa dé.

“A ò wá mọ́,” Ẹ̀ríolúwa ní. “Màmá, ẹ má pe nọ́ńbà yìí mọ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni mo wá sunkún.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì dé, ó kọjá. Wọn kò kúrò ní ilé wọn. Ìyàwó pásítọ̀, tí kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́, ló sọ fún mi pé òun rí fọ́tò wọn lórí fóònù, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí Micah, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín dénú nínú wọn. Wọ́n wà láàyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, ìwé tó wà lórí okùn gbẹ. Ó gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń dún pàrà-pàrà nínú afẹ́fẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Mo já a wálẹ̀. Orúkọ Ìtẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, ti Micah kò sí, kò sì sí ojú ibi tí wọ́n ti pa wọ́n rẹ́. Yàrá náà ti di ti ẹni méjì. Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló wà lórí ìlà àkọ́kọ́. Ìlà kejì ṣófo.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń pè mí. Ọmọ mi kò pè. Àwọn ará ìjọ ti gbọ́ ohun tí mo sọ, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì kọjá. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ògiri nìkan ló gbọ́. Nínú gbogbo ayé, ẹnìkan ṣoṣo ló ń pè mí, lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti kan àtàrí. Ohùn ọmọdébìnrin ni. Kì í bínú. Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó ṣe fi mí rẹ́rìn-ín létí odò níjọ́ yẹn.

“Táyé,” á ní. “Ó ku ẹnìkan.”

N kò tíì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n lánàá mo fọ aṣọ, mo sá a, kò gbẹ. Lónìí kò gbẹ. Ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, ibi tí ọwọ́ mi bá ti kàn án, yíǹkì á tàn. Ní àárọ̀ yìí mo gbé ọwọ́ mi sínú oòrùn, mo wò ó dáadáa. Gbogbo orí ìka mi ti hunjọ.